Mo fẹ́ gba ẹni tí yóò kọ́ wẹ́bùsáìtì fún iṣẹ́ mi: kí ni kí n tọ́jú sílẹ̀?

Atúnàga
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ títún àga onítìmùtìmù ṣe ni èmi àti àbúrò mi ń ṣe. Àga tó ti ya, tó ti rọ̀ sílẹ̀, tí igi rẹ̀ ń dún, a ó tú u palẹ̀, a ó fi fóòmù tuntun àti aṣọ tuntun sí i. Ẹnu àwọn oníbàárà ló ń polówó wa láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi wá ni "Ṣé ẹ ní wẹ́bùsáìtì tí mo lè wò?" Fífi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ti sú mi.

Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí dìsáínà. Ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ wẹ́bùsáìtì tó rẹwà, tó bá ìgbà mu, tí kò sì wọ́n. Èló ni ẹ máa gbà?"

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Dìsáínà_ti_pẹ́
Ẹ má bínú sí mi o, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Bí irú lẹ́tà yìí bá wọlé sí mi, kí n dá iye kan látorí ara mi ló kù, tàbí kí n bi yín ní ogún ìbéèrè. Ẹni tó bá dá iye lé e lójú ẹsẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ń tà fún yín. "Tó rẹwà" kò sọ nǹkan kan fún mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ẹni tó bá dé ojú ìwé yín, kí lẹ fẹ́ kó ṣe kó tó kúrò níbẹ̀? Ṣé kó pè yín ni? Ṣé kó fi fọ́tò àga rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ lè dá iye lé e? Ṣé kó sanwó níbẹ̀? Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, owó wọn ò sì jọra. Wẹ́bùsáìtì tí wọ́n ti ń sanwó fẹ́ ààbò, ó fẹ́ rìsíìtì, ó fẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá owó padà. Ojú ìwé mẹ́rin tó ní fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù kò fẹ́ ìkankan nínú wọn.

Ẹ lọ jókòó, kí ẹ kọ ìbéèrè mẹ́wàá tí àwọn oníbàárà ń bi yín lórí fóònù sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń béèrè gan-an o, ẹ má kọ èyí tí ẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ìwé yẹn ni wẹ́bùsáìtì yín. Ìyókù, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni.

Atúnàga
Hà. Mo ti rí i. "Ṣé ẹ máa ń wá gbé e?" ni wọ́n ń béèrè jù. Èyí tó tẹ̀ lé e: "Ọjọ́ mélòó ni ẹ máa fi ṣe é?" Lẹ́yìn náà: "Ṣé kò ní sàn kí n kúkú ra tuntun?" Kò sí ẹni tó bi mí rí nípa ìtàn iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ òun ni mo ti kọ ojú ìwé méjì lé lórí.

Ojú_mi_ti_rí
Kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ẹwà lọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ná.

Ẹni tó kọ́ tèmi mọṣẹ́, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn. Òun ló bá mi ra orúkọ dómènì, òun ló bá mi gba họ́sítìnì, èmi ń fi owó ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó di ọdún kẹta, mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò lọ. Mo kọ ìmeèlì, kò sí èsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan ní "Wẹ́bùsáìtì yín ò mà ṣí mọ́." Orúkọ ti kú, kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Mo kàn sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á, wọ́n ní orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀, àwọn ò lè bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí mo bá sì rò ó dáadáa, wọn ò jẹ̀bi. Ta ni yóò gbé kọ́kọ́rọ́ ilé onílé fún àlejò tó ní òun ló ń san owó ilé?

Èyí tó dùn mí jù ni pé orí orúkọ yẹn kan náà ni ìmeèlì iṣẹ́ mi wà. Ọjọ́ tí orúkọ kú ni ìmeèlì bá a kú. Lẹ́tà àwọn tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún mi ń padà sí ọ̀dọ̀ wọn, èmi rò pé ọjà ló dá.

Nítorí náà, ẹ fọwọ́ ara yín ra orúkọ dómènì, kí ó wà lórúkọ yín, kí àkáǹtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Kí ìmeèlì tí ẹ máa fi ṣí àkáǹtì yẹn má ṣe jẹ́ èyí tó wà lórí orúkọ náà fúnra rẹ̀, nítorí bí ó bá kú, ibẹ̀ ni wọn yóò máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí, ẹ ò sì ní rí i.

Aṣírò
Ẹ kú ìdúró. Àbí kò sí àyè kí èèyàn san owó orúkọ lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni?

Ojú_mi_ti_rí
Àyè wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni àkáǹtì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Fún orúkọ tó parí sí .com, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fúnni ní ọjọ́ díẹ̀ tí èèyàn fi lè san iye tó ń san tẹ́lẹ̀. Bí ìyẹn bá kọjá, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn wà tí èèyàn fi lè rà á padà, àmọ́ owó rẹ̀ máa ń ga. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù, wọn yóò tú u sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi jókòó, mò ń ka ọjọ́ wọ̀nyẹn lórí kàlẹ́ńdà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ẹlòmíràn ló gbà á.

Atúnàga
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: dómènì àti họ́sítìnì, ṣé wọn kì í ṣe ohun kan náà?

Dìsáínà_ti_pẹ́
Kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ìdajì àwọn tó ń wá bá mi ni kò mọ̀ ọ́n. Dómènì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pè yín. Họ́sítìnì ni ilé tí àwọn fáìlì yín ń gbé, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn níbìkan. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni DNS, ìwé kan tó ń sọ pé "lágbájá ń gbé ní ibí." Ẹ lè kó kúrò nínú ilé lọ sí òmíràn kí orúkọ má yí padà, bí orúkọ bá ti wà lọ́wọ́ yín. Wọn kì í sì í ra orúkọ pátápátá o. Ẹ ń yá a ni, lọ́dọọdún. Irú .com, ẹ lè san ọdún mẹ́wàá pa pọ̀, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń bá yín ṣiṣẹ́ lè béèrè àyè láti wọlé sí DNS. Ẹ fún un. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù. Dìsáínà gidi kì í bínú sí ìyẹn.

Ayàfọ́tò
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo bá wá.

Iṣẹ́ tiyín, fọ́tò ni yóò tà á. Ẹ wá igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí ẹ lẹ nǹkan pupa mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àga yóò máa dúró sí àti níbi tí ẹ̀yin yóò máa dúró sí. Ọjọ́ tí àga bá dé, ẹ yà á. Ọjọ́ tó bá ń lọ, ẹ yà á láti ibi tí ẹ dúró sí lákọ̀ọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbéèrè "ṣé kí n kúkú ra tuntun" ti rí ìdáhùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má gbàgbé fọ́tò kan tàbí méjì tí ọwọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí aṣọ ti ṣí, tí sípíríǹgì inú ń yọ jáde. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti rí ohun tí wọn ò rí rí nínú àga tí wọ́n ti ń jókòó lé láti ọjọ́ yìí.

Ẹ má fi WhatsApp fi fọ́tò ránṣẹ́ sí dìsáínà bí ẹ ṣe ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ó máa ń fún wọn pa, ohun tó sì ti fún pa kò ṣe é nà mọ́. Ẹ fún un ní fáìlì bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà, òun ni yóò dín in kù sí ìwọ̀n tí wẹ́bùsáìtì lè gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lógò. Bí ẹlòmíràn ló yà á fún yín, ẹ ní kó fún yín ní fáìlì SVG rẹ̀, èyí tí wọ́n lè fẹ̀ tó ògiri láìfọ́.

Bí ó bá jẹ́ inú ilé oníbàárà lẹ ti ya àga, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Kí ẹ má sì lọ já fọ́tò lórí Google. Ó ní ẹni tó ni ín.

Ò_ń_ṣe_é_fúnra_ẹ̀
Èmi ò mọ ìdí tí gbogbo yín fi ń da owó nù. Wix wà, Squarespace wà, ibi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wẹ́bùsáìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ méjì, ẹ ti parí rẹ̀.

Atúnàga
Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí àwọ̀ bọ́tìnì kan. Àga mẹ́rin dúró sílẹ̀ de mi.

Dìsáínà_ti_pẹ́
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú o, mo sì máa ń rán àwọn mìíràn lọ síbẹ̀ fúnra mi. Ẹni tí owó ò tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ní àyè, kó lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé ilé tí wọ́n kọ́ sórí irú ibẹ̀ kò ṣe é tú lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ àti fọ́tò ni èèyàn lè kó jáde, ilé di àtúnkọ́. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì, tó ti wà láti ọdún 2003, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e láti họ́sítìnì kan lọ sí òmíràn. Àmọ́ ó fẹ́ ìtọ́jú. Bí wọn ò bá ń sọ ọ́ di tuntun látìgbàdégbà, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á rí ojú ihò. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ gbà pé kí ló fẹ́ fi kọ́ ọ, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ní "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa ìyẹn," ẹ yọ ara yín lẹ́nu dáadáa.

Akàwé_ọ̀rọ̀_kéékèèké
Ìwé àdéhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nígbà tí àwọn ti sanwó, iṣẹ́ ti di tàwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà tọdún 1976 àti ti Ìlú Ọba tọdún 1988, ibì kan náà ni méjèèjì fẹnu sí: ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín tí ẹ gbéṣẹ́ fún, òun ló ṣì ni àṣẹ lórí ohun tó ṣe, àfi tó bá fi ìwé gbé e fún yín tó sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé tí owó ìkẹyìn bá ti wọlé, ohun gbogbo di tiyín, kí ó sì kó fáìlì fún yín. Bí ó bá ra fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tàbí fọ́tò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó sọ èyí tí ẹ ó máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Owó: ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ojú lè rí. Apá kan nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, apá kan nígbà tí ẹ bá gba àwòrán rẹ̀ wọlé, apá kan nígbà tó bá ṣí fún aráyé. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ lè ní kí ó tún un ṣe. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ̀yin á rò pé títí ayé ni, òun á rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni.

Dìsáínà_ti_pẹ́
Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé oníbàárà ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo ní iṣẹ́ kan tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù méje ló gbà. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń sọ pé "ọ̀rọ̀ ojú ìwé kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín kí ẹ tó pè wá. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí kò bá dùn, ẹ fi sílẹ̀, a ó jọ tún un ṣe. Ohun tí kò sí nílẹ̀ ni a ò lè tún ṣe.

Má_kánjú
Bí mo ṣe yan dìsáínà tèmi rèé. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí mo bá sọ̀rọ̀ fún mi ní orúkọ wẹ́bùsáìtì mẹ́ta tó ti kọ́. Mi ò wo fọ́tò wọn tó yà. Mo ṣí wọn lórí fóònù mi tó ti gbó, nígbà tí dátà ò lágbára. Ọ̀kan kò sí mọ́. Òmíràn ń yí bíríbírí títí mo fi gbé fóònù sílẹ̀. Google náà, fóònù ló fi ń wò wọ́n báyìí, nítorí náà èyí tó bá dára lórí kọ̀ǹpútà nìkan kò tíì dára. Lẹ́yìn náà mo pe ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà dìsáínà náà, mo bi í ní ohun kan ṣoṣo: "Lẹ́yìn tí ẹ sanwó tán, tí nǹkan bàjẹ́, ó tó ọjọ́ mélòó kí ó tó dá yín lóhùn?"

Ẹnì kan ṣèlérí pé òun á gbé mi sí ipò kìíní lórí Google láàárín oṣù kan. Google fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ síta pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pa fóònù.

Aṣírò
Ẹlòmíràn tún wà tó fẹ́ gba owó ńlá lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún fún àmì ààbò HTTPS, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ohun tí oníbàárà ń fi ránṣẹ́ sí wẹ́bùsáìtì. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome, ohun tí Google ṣe fún ṣíṣí wẹ́bùsáìtì, ti ń kọ ọ́ sójú wẹ́bùsáìtì tí kò ní i pé kò láàbò, nítorí náà ó pọn dandan. Ṣùgbọ́n àjọ kan wà tó ń jẹ́ Let's Encrypt tó ń fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ họ́sítìnì sì ti fi í kún tiwọn.

Ojú_ń_dùn_mí
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro tiwa náà mọ́ ọn. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun, mi ò rí i kà. Ìlànà W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún wẹ́bùsáìtì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Ohun èlò ọ̀fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú kan ni.

Afọgbọ́nṣe
Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà yóò máa fi ránṣẹ́ sí yín lórí wẹ́bùsáìtì, kí ẹ wò ó bóyá ó dé. Tèmi, oṣù méjì gbáko ló fi ń ránṣẹ́ sí ìmeèlì tí dìsáínà fi ń dán an wò. Oníbàárà mọ́kànlá wà nínú rẹ̀. Mo ka lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tiẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Atúnàga
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fọwọ́ ara mi ra orúkọ dómènì lálẹ́ àná, pẹ̀lú ìmeèlì tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tí mo tún kọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àbúrò mi ń tún àga onítìmùtìmù ṣe. A fẹ́ wẹ́bùsáìtì olójú ìwé mẹ́rin: ìbẹ̀rẹ̀, àga tí a ti tún ṣe, ìbéèrè àti ìdáhùn, àti bí a ṣe ń kàn sí wa. A fẹ́ kí ẹni tó bá débẹ̀ fi fọ́tò àga rẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́, iwájú, ẹ̀yìn àti ibi tó bàjẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí a lè sọ iye tí yóò ná an. A kò fẹ́ gba owó lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀, fọ́tò mẹ́rìnlélógún náà wà. Orúkọ dómènì wà lọ́wọ́ wa, yóò sì máa wà lọ́wọ́ wa. A fẹ́ lè pààrọ̀ fọ́tò fúnra wa láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó wà nínú iye yín àti ohun tí kò sí níbẹ̀, iye ìgbà tí a lè ní kí ẹ tún un ṣe, àti ohun tí yóò máa ná wa lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Iye tí a ní lọ́wọ́ rèé."

Mo yọ iye náà kúrò kí n tó gbé e síbí. Àbúrò mi ní kí n má sọ ọ́ fún wọn rárá, pé wọ́n á kàn gba gbogbo rẹ̀ ni.

Akàwé_ọ̀rọ̀_kéékèèké
Àbúrò yín ò ṣì sọ. Èmi kì í sọ ọ́.

Dìsáínà_ti_pẹ́
Èmi fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bí mo bá mọ ohun tí ẹ ní, mo lè sọ ohun tó yẹ kí ẹ yọ kúrò nísinsìnyí kí ẹ tó fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀, lẹ́tà tó fi dáhùn ló máa fi hàn. Ó ṣáà kù sọ́wọ́ yín.

Atúnàga
Mo sọ ọ́ fún méjì, mo fi pamọ́ fún ẹnì kan. Àbúrò mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Èsì ti ń dé. Ẹnì kan dá iye lé e kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, kò béèrè ohunkóhun. Ìkejì ò tíì dáhùn. Ìkẹta, ẹni tí mo fi iye pamọ́ fún, bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ni mi ò tíì lè dáhùn: bí fọ́tò àga bá wọlé láago mẹ́wàá àárọ̀, tí òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn, títí di ìgbà wo ni yóò sì dúró? Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá àbúrò mi jókòó lórí ìyẹn, pé ohun tí a bá fẹnu kò sí ni òun yóò kọ sábẹ́ fọ́ọ̀mù.